Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Ta Ni Yóò Jogún Orin Àwọn Àgbà?

Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde ní ọ̀sán, àwọn ọmọdé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wọ agbo. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ wọn kì í bá ìlù mu. Èrò á rẹ́rìn-ín, wọn á sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ó jù wọ́n lọ yóò jó, títí yóò fi kan àwọn ọ̀gá. Báyìí ni ọmọ ṣe ń kọ́ láti gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, kí ó sì fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn.

Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo aráyé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè kọ orin.

Orin ẹ̀fẹ̀ tí a ń fi òru kọ, tí a fi ń bá oníwà burúkú wí, inú àwọn àgbà ni ó wà. Bí àgbà kan bá lọ láìkọ́ ẹnikẹ́ni, orin rẹ̀ bá a lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ mú ìwé àti gègé, ẹ lọ jókòó ti bàbá tàbí ìyá kan nínú ẹgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ awo ni a ń kọ sílẹ̀. Ẹ kọ orin tí ó bá fún yín, ẹ kà á sí i létí kí ó bá yín tún un ṣe. Ẹ mú ọmọ yín dání, kí ó máa gbe orin náà.