Ṣé kí ọmọ pààrọ̀ yunifásítì nítorí iṣẹ́ Wall Street? Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ní 1947, Warren Buffett wọ Wharton, ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ti Yunifásítì Pennsylvania, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Ọdún méjì ló ṣe níbẹ̀ tó fi kó ẹrù rẹ̀ padà sí Nebraska, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i, ó sì gboyè ní yunifásítì ibẹ̀ ní 1950. Donald Trump ní tirẹ̀ ṣe ọdún méjì ní Fordham kó tó bọ́ sí Wharton kan náà ní 1966. Ẹnì kan jáde, ẹnì kan wọlé, àwọn méjèèjì sì di olówó. (Bàbá Trump kúkú ti jẹ́ onílé rẹpẹtẹ ní New York kí ọmọ rẹ̀ tó mọ ọ̀nà yunifásítì.) Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí yóò fi ti èrò ara rẹ̀ lẹ́yìn á rí i, ìhà yòówù kó dúró sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀. Ọmọ tó wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ ní àwọn báǹkì ńlá Wall Street bíi Goldman Sachs, JPMorgan tàbí Morgan Stanley, kò ní pẹ́ gbọ́ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn báǹkì yìí ti ń ṣa òṣìṣẹ́: Wharton, Harvard, Columbia, Stern ti NYU, Ross ti Michigan. Ní Houston àti Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fìdí kalẹ̀ sí, ó lè di àpérò ìdílé: ṣé kí ọmọ ṣe tiránsífà ni, àbí kó jókòó síbi tó wà?

Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ní 2015, Lauren Rivera gbé ìwé Pedigree jáde lórí bí àwọn báǹkì ìdókòòwò àti àwọn ilé-iṣẹ́ amòfin ńláńlá ṣe ń fi orúkọ yunifásítì sẹ́ ènìyàn kí wọ́n tó wo ohun mìíràn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Raj Chetty, David Deming àti John Friedman, fi àwọn yunifásítì aládàáni 12 tí òkìkí wọn ga jù wé àwọn yunifásítì ìjọba tó dáńgájíá. Wọ́n rí i pé owó tí akẹ́kọ̀ọ́jáde ń gbà ní ìpíndọ́gba kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní àtiríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ olókìkí di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó kàn fẹ́ jẹun dáadáa nídìí ìṣirò owó, iṣẹ́ adójútòfò tàbí báǹkì àdúgbò kò nílò àtipààrọ̀ ibì kankan. Wall Street gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ibi tí ó ti dì ni kàlẹ́ńdà. Ìkọ́ṣẹ́ ìgbà ooru lẹ́yìn ọdún kẹta, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ni ẹnu ọ̀nà báǹkì ìdókòòwò. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa, lẹ́tà iṣẹ́ á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹyìn, àyè tó sì ń ṣẹ́kù fún ẹlòmíràn kò tó nǹkan. Àwọn báǹkì wá ń du ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ti fa ìgbà ìgbafọ́ọ̀mù wá síwájú dé àárín ọdún kejì, ó ju ọdún kan lọ kí ìkọ́ṣẹ́ ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tó wọ yunifásítì ní oṣù kẹjọ 2025. Ìgbà ooru 2028 ni ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí, àmọ́ bí báǹkì kò bá yí ìṣe wọn padà, nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ 2027 ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa lọ. Bó bá ṣe tiránsífà lẹ́yìn ọdún kìíní, á dé ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ní oṣù kẹjọ 2026, á sì ní sáà ẹ̀kọ́ kan péré láti wọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onídókòòwò àti láti mọ àwọn tó ti jáde ṣáájú rẹ̀. GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì, kì í sábà báni rìn, yúnìtì nìkan ló ń báni lọ, nítorí náà èsì sáà kan yẹn ni gbogbo GPA tó ní níbẹ̀. Ó há, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe. Bó bá dúró di ìparí ọdún kejì, oṣù kẹjọ 2027 ni yóò dé. Kó tó mọ ọ̀nà ilé ìkàwé, ọjà ti tú.

Lójú tèmi, ẹni tí kò bá lè lọ lẹ́yìn ọdún kìíní, kó wá ìdí mìíràn fún tiránsífà. Ti báǹkì ti bọ́.

Yúnìtì tí mo dárúkọ pàápàá kì í pé délé. Ní 2017, GAO, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣọ́ owó ìlú, fojú bù ú pé àwọn tó pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láàárín 2004 sí 2009 pàdánù ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún yúnìtì wọn. Ẹni tó kó 60 lọ, nǹkan bí 26 á dànù, iṣẹ́ bí ọdún kan nìyẹn. Kí ọmọ béèrè lórí ìwé, kó tó sanwó kankan, bóyá wọ́n á gba ìṣirò owó àti sítátísíìkì tó ti ṣe. Kó sì béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ okòwò gan-an ló gbà á: ní ibòmíràn, èèyàn lè wọ yunifásítì kí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ṣì wà ní títì.

Owó ńkọ́? NYU àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Baruch jọ wà ní Manhattan, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ sì ń gbé àwọn méjèèjì dé Wall Street. Owó ọdún kan ní NYU, pẹ̀lú oúnjẹ àti ilé, ju 90,000 dọ́là lọ. Owó ẹ̀kọ́ ní Baruch fún ọmọ ìpínlẹ̀ New York kò ju nǹkan bí 7,000 lọ. Ìrànwọ́ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fún ẹni tó bá tiránsífà wọlé sì máa ń kéré sí ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní.

Ọ̀nà mìíràn ṣì wà fún ẹni tó bá jókòó. Láti 2016 ni Goldman ti sọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ di ti fídíò, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kì í bẹ̀ wò náà lè dé iwájú wọn. Oyè kejì tún wà: Adébáyọ̀ Ògúnlẹ́sì, tó dá Global Infrastructure Partners sílẹ̀, Oxford ló ti gba oyè àkọ́kọ́, òfin àti okòwò ló sì lọ kà ní Harvard.

Ẹni tó bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ní ìṣirò tirẹ̀. Tiránsífà yóò gba ìwé I-20 tuntun, kò sì fi ọjọ́ kan kún oṣù 12 tí òfin fún un láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oyè. Ẹ̀ka tó kà ló lè fi oṣù 24 kún un: ìṣúná lásán kò sí lára àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tí ìjọba kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ọrọ̀-ajé oníṣirò wà níbẹ̀. Ẹ̀ka tó ń kà, ó ṣeé ṣe kó yí i padà ní yunifásítì tó wà gan-an, láìkó ẹrù lọ síbì kankan.