Iṣu titun lójú ọmọ tí a bí sí òkèèrè

Lóṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ìsinmi, ni iṣu titun ń jáde ní agbègbè Bassila. Ọmọ Manigri tàbí Alédjo kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ ebè: ó bá baba rẹ̀ dé oko, ó rí bí a ti ń wa iṣu. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, kò sì ní jẹ titun kí àwọn àgbà tó tọ́ ọ wò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ tí a bí sí Paris ńkọ́? Gbogbo ìgbà ni iṣu wà lọ́jà Château-Rouge. Kò mọ̀ pé a máa ń dúró de nǹkan.

15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ ọdún iṣu Savalou, jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú. Òbí wà nílé. Kí wọ́n gbé odidi iṣu síwájú ọmọ, kí wọ́n fi orí àti ìdí rẹ̀ hàn án, kí wọ́n sọ fún un pé orí ni a ń gbìn padà. Kí ó máa ka ègé iṣu bí ìyá rẹ̀ ti ń gé e: ení, èjì, ẹ̀ta. (Ìyẹ̀fun inú páálí kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn.)

Ní Kánádà, ọjọ́ Ajé kejì oṣù kẹwàá ni ọdún ìkórè tiwọn. Bí olùkọ́ bá béèrè ohun tí wọ́n ń kórè nílé baba ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí ó ti mọ iṣu kò ní dákẹ́.