Ìwé Wo Lẹ Kà Kẹ́yìn? Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé Kan Kọ́ Mi

Àkọsílẹ̀ ètò ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé, fún ẹ̀yin tí dátà yín ò tó láti gbọ́ ohùn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti máa kà á nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èdè Yorùbá ni mo fi ń ṣe ètò yìí. Mo ti jáde yunifásítì. Síbẹ̀, títí di ọdún tó kọjá, mi ò ka ìwé ìtàn Yorùbá kankan parí rí.

Bàbá àgbà mi ló tú mi láṣìírí. Aṣéjíire ni wọ́n ń gbé. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ni wọ́n bá ní kí n ka ìwé kan sí àwọn létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn ojú ewé méjì, wọ́n rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. "Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Kò rẹ̀ mí o. Ojú ló ń tì mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Ìkirè. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn. Mo rò pé ìwé gírámà ni wọ́n máa kó lé mi lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Kí ló máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn

Àjà Ló Lẹrù ni wọ́n fún mi. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, ló ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn inú ìwé náà mú bí abẹ. Òwe ń bọ́ lẹ́nu wọn bíi pé ẹ wà ní garéèjì.

Àǹtí sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún mi: "Ojú ẹ ò mọ àmì ohùn, ṣùgbọ́n etí ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ẹ wò ó: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ìwé tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ńlá, ẹ lè ṣìnà kẹ́ ẹ má mọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí èèyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ gún ara wọn, bẹ́ ẹ bá ṣi ohùn pè, ọ̀rọ̀ náà ò ní dùn. Etí yín fúnra rẹ̀ á ní kẹ́ ẹ padà.

Àǹtí fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé náà kà ni, pẹ̀lú Àgbàlagbà Akàn, ìwé Lápàdé tó jáde ní 1971. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sórí Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá. I.B. Thomas kọ ìyẹn díẹ̀díẹ̀ bíi lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, láti 1929 wọ 1930. Obìnrin kan tó ti jayé orí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, ló ń ròyìn ara rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́! Ìtàn alápá púpọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń dúró dè lórí fóònù ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, ìrìn àjò

Ìwé ìrìn àjò ni wọ́n wà lórí ẹ̀ báyìí. Ìlọrin ni ibi tó jìnnà jù tí àǹtí dé rí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi irú ìwé bẹ́ẹ̀: "Ta ló ń wò, ta ni wọ́n ń wò?"

Fún àpẹẹrẹ, Hugh Clapperton, òyìnbó Scotland, gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ Yorùbá ní 1825. Ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1829, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òun ló ń wò, àwa ni wọ́n ń wò. Ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1949, D.O. Fágúnwà gbé Ìrìnàjò, Apá Kìíní jáde. Apá kejì tẹ̀ lé e ní 1951. Ẹni tó fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ mú wa wọ igbó abàmì ní 1938 ló tún mú wa lọ sí Ìlú Ọba. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ Yorùbá ló ń wò, òyìnbó ni wọ́n ń wò.

Ìkẹta ni Looking for Transwonderland tí Noo Saro-Wiwa kọ ní 2012. Ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wá ń rìn káàkiri ilẹ̀ baba rẹ̀ bí àlejò. Transwonderland inú àkọlé yẹn, ọgbà ìṣeré Ìbàdàn ni, kò jìnnà sí wa rárá. Àǹtí ní ìwé yẹn lẹni tí wọ́n bí sílé, àmọ́ tó ń wo ilé bí àlejò, yẹ kó kà. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé jókòó, kó ní "Ẹ dákẹ́," ló tán. Ní 1931, ará Íńdíà kan, S.R. Ranganathan, kọ òfin márùn-ún fún iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ni pé gbogbo ìwé ló ní òǹkàwé tirẹ̀. Ẹni tó máa so àwọn méjèèjì pọ̀ ló ṣòro.

Ẹ̀yin ará Aṣéjíire á yé mi. Omi Ọ̀ṣun tí wọ́n sé síbẹ̀ pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ò bá tì í, ẹ̀rọ omi Ìbàdàn ò ní sun.

Àǹtí ní ìwé àjákọ kan. Bí wọ́n bá ka ìwé kan tán, gbólóhùn kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀: irú ẹni tó máa bá mu. "Fún ọmọ tí kì í lè jókòó." "Fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀." Bí wọ́n bá ń kàwé lọ́wọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sókè lórí tábìlì. Ọmọ ilé ìwé á wá bèèrè pé, "Ma, kí lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí?" Ìwé náà ti rí ẹni tó máa yá a nìyẹn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n máa fẹ̀yìn tì. Wọn ò tíì rí ẹni tí wọ́n máa gbé ìwé àjákọ yẹn fún. Ìwé tẹ́nikẹ́ni ò yá, inú yàrá ẹ̀yìn ló ń lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí n ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ti wà lórí fóònù mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo padà sí Aṣéjíire pẹ̀lú Lápàdé. Bàbá tún ohùn mi ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ewé àkọ́kọ́. Lójú ewé kẹta, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìwé wo lẹ kà kẹ́yìn, ta lẹ sì rò pé ó máa bá mu? Ẹ pe ẹni náà lónìí, kẹ́ ẹ sọ fún un. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.