Ọ̀rá Ikùn àti Abẹ́ Ọkùnrin

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó ń dun ọkùnrin tí kì í sọ. Àìsàn abẹ́ ni. Ìtìjú ló ń pa á mọ́ wọn lẹ́nu. Òun la fẹ́ sọ lónìí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ikùn ńlá ni àmì ọlá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkùnrin tó ga ní mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 70, tó sì wọn kílò 87, ti sanra jù.

Bí ọkùnrin bá sanra jù, ọ̀rá a máa kó jọ sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, lókè okó. Ọ̀rá náà á yọ síwájú, á sì sọ̀ kalẹ̀. Okó á wá rì sínú rẹ̀. Ẹni náà á rò pé okó òun ń kéré sí i. Kò kéré. Bó ṣe gùn tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe gùn. Ọ̀rá ló bò ó. Owó tí a bá fi ra àgúnmu tí wọ́n ń polówó pé ó ń mú okó tóbi, inú omi la jù ú sí.

Ibi tí okó rì sí kì í gbẹ. Ìtọ̀ ń kán sí i, òógùn sì ń rin ín. Awọ ibẹ̀ á máa yún ni, á bó, á sì máa rùn. Bó bá pẹ́, awọ náà lè le, kó funfun, kó sì sún kì. Ìtọ̀ á wá ṣòro láti tọ̀. Irú awọ bẹ́ẹ̀ lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀la. Egbò abẹ́ tí kò bá jinná, ẹ fi han dókítà.

Àtọ̀gbẹ ńkọ́?

Ìsanrajù a máa fa àtọ̀gbẹ. Bí àtọ̀gbẹ bá wọra, ṣúgà á wà nínú ìtọ̀. Ṣúgà yìí ni oúnjẹ kòkòrò àìrí tó ń mú abẹ́ yúnni. Bí abẹ́ bá ń yún yín, tí ẹ tọ́jú rẹ̀, tó tún padà wá, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Àtọ̀gbẹ tún lè mú kí okó má le mọ́. Ẹ má wá ọ̀tá kiri, ẹ má sì di ẹ̀bi ru ìyàwó.

Ṣé ìpá ni?

Ìpá yàtọ̀. Nínú ìpá, omi tàbí ìfun ló kó sínú àpò ẹpọ̀n. Aràn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri wà lára ohun tó ń fa ìpá olómi. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Tógò, aládùúgbò wa, ti ṣẹ́gun àìsàn aràn náà. Iṣẹ́ abẹ ló ń wo ìpá àgbàlagbà sàn.

Ìtọ́jú

1. Ẹ fi ọwọ́ ti ọ̀rá sẹ́yìn, kí ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ tí kò le wẹ ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ máa pààrọ̀ ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

2. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́, sódábì tàbí ìpara ìbóra sí i. Nọ́ọ̀sì ní òògùn ìpara tó yẹ.

3. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kún un. Ẹ dín bíà, ohun mímu aládùn àti ohun tí a fi epo dín kù. Ẹ máa rìn. Ẹni tó jókòó sórí alùpùpù látàárọ̀ dalẹ́ kò tíì rìn.

4. Nígbà mìíràn, ara á fọ́n, síbẹ̀ okó kò ní yọ, nítorí awọ tó ti le ti dì í mú. Dókítà oníṣẹ́ abẹ lè gé ọ̀rá àti awọ tó bàjẹ́ náà kúrò, kó sì fi awọ itan dí i. Ẹ má jẹ́ kí olóòlà tún ilà kọ. Awọ tí dókítà ń wá ni yóò gé dànù.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò yín. Wọ́n lè fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Àjàṣẹ́ tàbí ti Kútọnu.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró

Bí abẹ́ bá ṣàdédé wú, tó ń dun ni gan-an, tó ń dúdú, tó ń rùn, tí ibà sì dé, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ara ló ń kú lọ. Dókítà Fournier ṣàlàyé àìsàn yìí ní Paris ní ọdún 1883. Ó ń ràn bí iná pápá, ó sì ń pa ni. Alátọ̀gbẹ ló máa ń mú jù. Iṣẹ́ abẹ kíákíá ló ń gba ẹ̀mí là, kì í ṣe àgbo.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má fi ọkọ yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá a dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin bàbá, ohun tí dókítà ń rí lójoojúmọ́ ni. Kò ní fi yín rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

Kí ló dé tí okó fi dà bí ẹni pé ó kéré? Ìgbà wo ló yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Àmì wo ni kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la?