Ọmọ Yín Kì í Ṣe Olódo: Yorùbá Ló Yọjú Nínú Ìtàn Gẹ̀ẹ́sì Rẹ̀

Bí ọmọ bá gbé ìwé dé láti ilé-ẹ̀kọ́, tí tísà ti fi báírò pupa kọ ilà sí i lójú, èébú kì í pẹ́ jáde: "Olódo! Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ń ta gaàrí san owó ilé-ìwé?" Ẹ rọra, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà. Púpọ̀ nínú àṣìṣe yẹn kì í ṣe ti agọ̀. Yorùbá tí ọmọ gbọ́ láti kékeré ló tẹ̀ lé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ àná àti òní. Lọ́dọ̀ tiwa, "lọ" ni lọ ń jẹ́: mo lọ lánàá, mo máa lọ lọ́la. Òyìnbó ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti kọjá, "go" á di "went", "buy" á di "bought". Ọmọ á wá kọ ọ́ pé: "Yesterday I go to market and buy yam." Ohun tó ti kọjá ni ìtàn sì sábà máa ń sọ, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí fi ń pọ̀ nínú ìtàn bí eṣú. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú "went". Bí ìtàn bá gbóná tán, ó ti padà sídìí "go".

Èkejì ni ọkùnrin àti obìnrin. "Ó" kan náà là ń lò fún àwọn méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ní "he" fún ọkùnrin, "she" fún obìnrin. Ẹni tó bá kọ "My mother said he is coming" ti sọ ìyá rẹ̀ di bàbá! Bó bá sì fi ọ̀wọ̀ Yorùbá kọ ọ́ pé "My father, they have come", òyìnbó á máa wo ẹ̀yìn bàbá, bóyá èrò ló tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta ni iye. "Iṣu mẹ́ta" tó lẹ́nu tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ní dandan, "three yams" ni.

Àwọn kan á ní, Amos Tutuola ńkọ́? Òótọ́ ni. Ọmọ Abẹ́òkúta, alágbẹ̀dẹ bàbà, ló kọ The Palm-Wine Drinkard tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, Yorùbá sì kún inú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer lọ́dún náà. Nílé níbí, àwọn ọ̀mọ̀wé kan bínú pé ó ń dójú ti àwọn. Adùn ìtàn ló gbé Tutuola dókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì ìwé WAEC kì í ṣe Dylan Thomas. Àṣìṣe ń gé máàkì lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Télọ̀ gidi kì í gbé aṣọ fún oníbàárà láìyẹ ojú rírán wò. Kí ọmọ ka ìtàn rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi sílẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè jókòó tì í, kó máa bi í léèrè mẹ́ta péré: Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Mélòó ni wọ́n? Bí ọmọ bá ti ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa tún un ṣe.