Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán Kékeré fún Arìnrìn-àjò

Ní ayé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìròyìn Èkó wá sí ọjà Èjìnrìn, ní etí ọ̀sà láàrín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Lónìí, ojú òfuurufú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà. Àgbẹ̀, oníṣòwò tàbí oníwàásù tí ó bá ń rin ọ̀nà náà lè mú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, tí kò gùn ju ìka lọ, tí a ń kì bọ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láti fi wo amóhùnmáwòrán. Kò jẹ dátà, nítorí láti orí òpó ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni ó ti ń gba àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìwà rẹ̀ lè sọ ẹ̀rọ dídára nù, tàbí kí ó fi owó ra èyí tí kò wúlò.

Ní 31 oṣù kẹwàá, 1959 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọ̀nà ti ìgbà náà, bí ènìyàn bá jìnnà sí òpó, àwòrán a máa ṣú, síbẹ̀ ojú a ṣì rí i díẹ̀. Ọ̀nà tuntun tí a ń pè ní díjítà, tí a ṣí ní Jos ní 30 oṣù kẹrin, 2016, tí a sì ṣí ní Èkó ní 29 oṣù kẹrin, 2021, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ohun tí ẹ̀rọ gbà bá tó, àwòrán a mọ́ kedere. Bí kò bá tó, a já wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà a di òkùnkùn. Nítorí náà, òkùnkùn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ìṣísẹ̀ méjì péré lè mú àwòrán padà.

Gíga ẹ́ríà ṣe pàtàkì jù. Bí ọkọ̀ ti ń lọ lójú ọ̀sà, ìdí rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ pamọ́, nítorí ayé tẹ̀. Ẹ́ríà tí ó ga ní mítà 1 ń rí nǹkan bí kìlómítà 4 kí ilẹ̀ tó tẹ̀ bò ó. Èyí tí ó ga ní mítà 9 ń rí nǹkan bí 12.

Àwọn ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nìyí:

Ìkíní, kí a bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń gba DVB-T2, èyí tí Nàìjíríà ń lò. Èyí tí ó mọ DVB-T nìkan kò lè gbà á.

Ìkejì, kí olùtajà fi àwòrán hàn kí a tó sanwó. Ìkànnì GOtv àti StarTimes wà fún àwọn tí ó ń san owó fún wọn. Àwọn mìíràn sì ń fẹ́ àpótí tiwọn.

Ìkẹta, kí a tún ìkànnì wá ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí a bá dé, nítorí ipò wọn lè yàtọ̀.

Ìkẹrin, ní Èjìnrìn, kí a kọ ojú ẹ́ríà sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí níbẹ̀ ni Ìkẹjà wà, ó sì lé ní kìlómítà 50. Kí a gbé e sí ìta, kúrò lábẹ́ páànù.

Ìkarùn-ún, kí a má ṣe na ọ̀pá ẹ́ríà sókè nítòsí wáyà iná, kí a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa wò ó.

Kí arìnrìn-àjò dán nǹkan wọ̀nyí wò ná, kí ó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá alátùn-únṣe.