Kí Ló Ń Já Àmì Bọ́ Lára Orúkọ Àgọ́-Àrẹ?

Ẹ tẹ orúkọ ìlú Àgọ́-Àrẹ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan bold àti italic papọ̀. Lẹ́tà náà á sanra, á sì fì sápá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ní orí àti ìdí, tí à ń pè ní serif, ẹwà rẹ̀ a máa yọ gan-an lórí káàdì ìpè, sátífíkéètì àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Ohùn tó ga jù lójú ìwé nìyẹn. Orúkọ àti àkọlé ló wà fún. Ẹni tó bá fi kọ odindi ojú ìwé kan ń pariwo mọ́ òǹkàwé ni.

Ní Venice, nílẹ̀ Ítálì, ni Francesco Griffo ti gbẹ́ lẹ́tà tó fì fún Aldus Manutius, wọ́n sì fi tẹ ìwé Virgil lọ́dún 1501. Ìkọ̀wé ọwọ́ ló wò ṣe é. Sísanra kò dé títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn tó ń polówó ọjà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ohun tí yóò fa ojú mọ́ra. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, òjé ni lẹ́tà: èyí tí kò bá sí nínú àpótí atẹ̀wé, kò lè dé ojú ìwé.

Ó yẹ kí kọ̀ǹpútà ti yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ́ inú Àgọ́. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, À ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà kékeré ọ náà ní tirẹ̀, 1ECD. Ọ́ kò ní. Ńṣe la ń to ọ àti àmì ohùn òkè, 0301, tẹ̀ lé ara wọn, fọ́ǹtì, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà, ló máa gbé àmì náà jókòó. Bí lẹ́tà bá nàró, kò le. Bó bá fì, orí ti lọ sọ́tùn-ún, ìdí ti sún sósì, àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ nírú èyí á gbé àmì kọ́ lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ lọ́rùn, tàbí kó lọ yá ọ́ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn: Àg á sanra, ọ́ á gbẹ.

Ayédèrú ló ń dùn mí jù. Bí fọ́ǹtì kò bá ní bold italic tirẹ̀, kọ̀ǹpútà a kàn ki lẹ́tà lásán pọ̀, a sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ojúlówó, ọ̀tun ni wọ́n ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: lẹ́tà a á bọ́ ìbòrí orí rẹ̀ sílẹ̀, á rí bí èyí tí a fi ọwọ́ kọ, àmì ìsàlẹ̀ náà á sanra ní ìwọ̀n. Nínú ayédèrú, ihò inú ọ ń dí, àmì ìsàlẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí tàdáwà bá sì tàn díẹ̀ lórí ìwé, àgọ́ di ago. Ibùdó di ife ìmumi.

Charis SIL, tí wọ́n yọ láti ara Charter tí Matthew Carter ṣe, ní bold italic tó gba gbogbo àmì wa, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún káàdì, ẹ tẹ ẹyọ kan. Ẹ fi ìka tọ orúkọ ìlú náà: kí ọ́ ní àmì méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ sì wà láàárín ẹ inú Àrẹ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀.